Ìpín Olórí Alápatà

Ológbò náà kọ̀, kò kú.

Gbogbo ará ilé ló yí i ká nínú àgbàlá, wọ́n ń wò ó. Abibatou, ẹ̀gbọ́n ọkọ Adjaratou, ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ bu ọbẹ̀ ẹ̀dọ̀ àná tó kù nínú ìkòkò, ó dà á sílẹ̀ níwájú ẹran ilé náà, ó sì kó aṣọ mọ́ra sẹ́yìn bí ẹni tí ìbọn fẹ́ dún létí rẹ̀. Ológbò jẹ ẹ̀dọ̀. Ó lá omi ọbẹ̀. Ó lá ilẹ̀ tí omi ọbẹ̀ kàn. Lẹ́yìn náà ó jókòó, ó fi ọwọ́ nu ẹnu, ó gbójú sókè wo Abibatou bí ẹni tó ń béèrè pé ṣé ó ti tán ni.

"Ẹ ní sùúrù fún un," Adjaratou sọ láti ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ní ìbàdí. "Bóyá ó fẹ́ kírun kó tó kú."

Ẹnì kan fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó yára gbé e mì. Abibatou ò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ó ní oró tí wọ́n bá sè de ènìyàn kì í ran ẹranko, gbogbo ayé ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Adjaratou bi í pé bó bá ti mọ̀ bẹ́ẹ̀, kí ló wá ń wá lẹ́nu ológbò láti ìdájí.

Ibẹ̀ ni wọ́n wà tí Gbadamassi, ọkọ Adjaratou, fi ké nínú yàrá.

Igbe náà kì í ṣe igbe àgbàlagbà. Igbe ọmọdé tí omi gbígbóná dà lé lára ni, ó sì ń ti inú àyà ọkùnrin tó tóbi jù ní àdúgbò náà jáde, Gbadamassi Olórí Alápatà, tí àga ń ké kó tó jókòó tán lórí rẹ̀, tí àwọn ọ̀dọ́ alápatà máa ń fi ikùn rẹ̀ búra pé ilé Olórí dára. Láti àná ni àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ti wú. Ó pọ́n, ó ń dán bí ata tó ti pọ́n jù lórí igi. Aṣọ ò gbọdọ̀ kàn án. Eṣinṣin bà lé e lẹ́ẹ̀kan, ọkùnrin náà sunkún.

Wọ́n ní ó tẹ nǹkan. Nígbà tó yá wọ́n ní kò tẹ nǹkan, ó jẹ nǹkan ni. Ta ló sì ń sè é fún un?

Èyí tó ń bí Adjaratou nínú jù lọ ni pé ìṣirò wọn péye. Láti ayé bàbá Gbadamassi ni ó ti jẹ́ pé, màlúù yòówù tí wọ́n bá dúńbú ní odò ẹran, kí ọ̀bẹ tó kan ẹran títà, wọ́n ó kọ́kọ́ gé nínú ẹ̀dọ̀ rẹ̀, wọ́n ó yọ kíndìnrín kan, wọ́n ó fi ewé bò ó, ó di ilé Olórí. Ìpín Olórí ni. Kò sí alápatà tó jẹ́ fi í jẹun, bí ebi ń pa á kú. Nígbà tí wọ́n sì gbé Adjaratou wọlé gẹ́gẹ́ bí ìyàwó kejì, Gbadamassi tọ́ ẹ̀dọ̀ tó fi òróró ẹ̀pà àti àlùbọ́sà sè wò, ó ní láti ọjọ́ náà lọ ọwọ́ mìíràn ò gbọdọ̀ kan ìpín òun mọ́. Inú Adjaratou dùn nígbà náà. Òmùgọ̀ ni. Kouboura ìyálé ń se gbogbo nǹkan yòókù nínú ilé, kò sẹ́ni tó fẹ̀sùn kan gbẹ̀gìrì rẹ̀.

Nítorí lóòótọ́, ìgbàkígbà tí ẹran bá pọ̀ ní odò ẹran, tí ìkòkò Adjaratou bá kún, ilẹ̀ kì í mọ́ tán kí ẹsẹ̀ náà tó gbiná. Ọdún Iléyá, ó wú. Ìgbéyàwó ọmọ Liamidi, igbákejì Olórí, ó wú. Bó bá ti wú, àwọn alápatà a fi kún ìpín náà kí Olórí lè rí agbára gba, wọ́n ó sì gbé agolo siróò àti limonáàdì tì í. Adjaratou a tún sè é. Òun náà ti yẹ ọwọ́ ara rẹ̀ wò rí. Ó ti da iyọ̀ àtijọ́ nù. Ó ti ra ìkòkò tuntun. Bí wọ́n bá sọ fún un pé ata ni, ìbá ti fa gbogbo ata inú ọgbà tu.

Àwọn àgbà ẹbí ń bọ̀ lẹ́yìn ìrun àsárì. Gbogbo ilé ti mọ ohun tí wọ́n máa sọ. Adjaratou yóò di ẹrù rẹ̀, yóò padà sílé bàbá rẹ̀ ní Akpro-Missérété. Fadilatou, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pààrọ̀ eyín iwájú, yóò dúró. Ọmọ kì í bá olóró lọ. Láàárọ̀ kùtùkùtù, kí wọ́n tó ronú kan ológbò, Abibatou ti ká ẹní ọmọ náà kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀, ó ti tẹ́ ẹ sí yàrá tirẹ̀.

Ẹní yẹn ni Adjaratou ń rò nígbà tó wé gèlè rẹ̀, tó gba àárín wọn kọjá, tó jáde. Abibatou pariwo tẹ̀lé e pé ibo ló ń sá lọ. Adjaratou ti pinnu: yóò lọ pe dókítà wá, kó wá wo ẹsẹ̀ náà níṣojú gbogbo wọn, kó sọ bóyá oró ni tàbí kì í ṣe oró. Bí wọn ò bá gba ológbò gbọ́, wọ́n á gba ẹni tó wọ aṣọ funfun gbọ́.

Dókítà Soulé, ọmọ Àjàṣẹ́ tó lọ kọ́ iṣẹ́ ní Dàkáà, kò jẹ́ kó sọ̀rọ̀. Bó ṣe gbójú sókè tó rí i ló ti ń mi orí.

"Màdáàmù Gbadamassi. Ẹsẹ̀ yẹn ti tún dìde, àbí? Wọ́n ṣì ń jẹ ẹ̀dọ̀ yẹn?"

Gbogbo ọ̀rọ̀ tí Adjaratou ti tò sẹ́nu láti ilé tú ká.

"Ẹ̀dọ̀ wo, Dókítà?"

Ọkùnrin náà rí ojú rẹ̀, ó sì mọ̀ pé òun ti ṣi ẹsẹ̀ gbé. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ń nù ún. Ó ní òun rò pé Bàbá ló rán an wá ni. Ó ní ohun tó bá wà láàárín dókítà àti aláìsàn, ẹlòmíràn kì í gbọ́ ọ.

"Ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀," Adjaratou ní. "Wọ́n fẹ́ gba ọmọ mi lónìí nítorí ẹ̀. Ẹ parí ẹ̀."

Ó pa ilẹ̀kùn, ó parí ẹ̀. Ó ní nǹkan kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ gbogbo ènìyàn tí àwọn Faransé ń pè ní asídì úríkì. Kò yàtọ̀ sí eérú tó ń kù sínú ààrò lẹ́yìn tí igi bá jó tán. Kíndìnrín ló máa ń gbá a jáde sínú ìtọ̀. Ẹ̀dọ̀ màlúù àti kíndìnrín màlúù sì wà lára oúnjẹ tí eérú wọn pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹran nìkan ló ń ṣe Bàbá. Ara tó bá ti sanra kọjá ààlà, pàápàá bó bá jẹ́ ikùn ni ọ̀rá náà kó sí, a máa dá eérú tirẹ̀ kún un, kì í sì í jẹ́ kí kíndìnrín gbá a jáde bó ṣe yẹ. Siróò àti limonáàdì náà ń dá sí i. Bí eérú bá wá kún ààrò, a dì bí iyọ̀, a wá ibi tó tutù nínú ara lọ jókòó sí. Oríkèé àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ló fẹ́ràn jù.

"Ṣé ẹsẹ̀ yẹn máa pa á ni?"

"Ẹsẹ̀ kọ́, màdáàmù. Ẹsẹ̀ ń pariwo lásán ni. Mo yẹ ìtọ̀ wọn wò, mo bá ṣúgà níbẹ̀. Mo wọn ẹ̀jẹ̀ wọn, ó ń ru. Èwo ló fa èwo, mi ò mọ̀, àwọn tó kọ́ mi náà ṣì ń jà lé e lórí. Ohun tí mo mọ̀ ni pé n kì í sábà rí ọ̀kan nínú wọn kí n má rí àwọn yòókù. Wọ́n gbọ́dọ̀ fọn. Díẹ̀díẹ̀, kì í ṣe ní ẹ̀ẹ̀kan. Mo sọ gbogbo ẹ̀ fún wọn."

"Ìgbà wo?"

"Kí Ààwẹ̀ èṣí tó wọlé."

Adjaratou bi í pé kí ni ọkọ òun wí. Dókítà ní ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun ti gbọ́, ó sì bẹ òun kí òun má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ nílé. Adjaratou ní kó dìde kí àwọn jọ lọ, kó wá sọ ọ́ níwájú àwọn àgbà. Dókítà ní òun máa wá wo ẹsẹ̀ náà kí ilẹ̀ tó ṣú, òun máa mú oògùn tó ń pa ìrora rẹ̀ dání, ṣùgbọ́n òun ò ní sọ àṣírí aláìsàn òun lójú agbo.

"Ẹ kàwé títí dé Dàkáà," Adjaratou sọ fún un, "wọn ò kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń la ẹnu."

Kò dúró gbọ́ èsì.

Oòrùn ti le lójú ọ̀nà, àwọn ènìyàn kí i, kò dá wọn lóhùn. Kí Ààwẹ̀ èṣí tó wọlé. Ó ń sọ ọ́ sínú bó ṣe ń gbẹ́sẹ̀. Gbogbo àkókò yẹn ni ọkùnrin yẹn fi mọ̀. Ó mọ̀ nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ lẹ́yìn Iléyá. Ó mọ̀ nígbà tí wọ́n gba ìkòkò àtijọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tí wọ́n gbé Kùránì kọ́ sí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná. Abibatou a dúró lẹ́bàá ibùsùn rẹ̀, a máa pe Adjaratou ní olóró, ọkọ rẹ̀ a yí ojú sí ògiri, a sọ pé "Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀" ní ohùn tí kò lágbára, ohùn ẹni tí wọ́n ti pa ní ìdajì, tó jẹ́ pé ńṣe ló ń fi ìdí ẹ̀sùn náà múlẹ̀. Adjaratou sì ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nínú ara rẹ̀ fún ohùn yẹn. Ìyẹn ló fi dúró lójú ọ̀nà, tó tutọ́.

Nígbà tó wọ yàrá, Kouboura ló ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹsẹ̀ náà láti òkèèrè, kí atẹ́gùn má baà le jù.

"Dókítà Soulé ní kí n kí yín," Adjaratou ní.

Gbadamassi ní kí Kouboura lọ bá òun wá omi mímu, omi mímu sì wà nínú àmù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kouboura wo omi náà, ó wo àwọn méjèèjì, ó jáde.

"Kí ló sọ fún ọ?"

"Ohun tó sọ fún yín."

Ọkùnrin náà yí ojú sí ògiri. Adjaratou lọ dúró sí ẹ̀gbẹ́ ògiri náà gan-an. Kò ní sí ibi tí yóò wò lónìí tí kò ní rí òun.

Ọkùnrin náà wá bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀ ogun. Adjaratou ò tíì sí nílé yìí nígbà ogun. Àwọn Faransé ń kó màlúù fún sójà wọn, odò ẹran gbẹ, ìpín Olórí dá dúró. Ó ní òun rù. Ó ní ẹ̀wù òun ń wọ́ lára òun bí ẹ̀wù tí wọ́n yá. Àwọn tí òun kọ́ níṣẹ́ a rí òun lọ́nà, wọ́n ò ní dìde mọ́, wọn ò tiẹ̀ mọ̀ pé àwọn ò dìde. Liamidi ti jókòó sórí àga òun kí ogun tó parí. Ọ̀rá yìí ló lé e dìde. Nígbà tí òun tún sanra, gbogbo wọn tún rántí orúkọ òun.

"Kí n wá sọ fún wọn pé kí wọ́n má gbé ẹ̀dọ̀ wá mọ́? Liamidi ni wọ́n máa gbé e fún."

"Ló jẹ́ kẹ́ ẹ gbé èmi fún wọn."

Gbadamassi ní kó lọ sílé bàbá rẹ̀ ná, kí ọ̀rọ̀ tutù, òun máa ránṣẹ́ pè é.

"Fadilatou ńkọ́, Bàbá Fadilatou?"

Ó di ojú.

Adjaratou jáde. Ìbínú rẹ̀ ti kọjá ariwo, ó ti di nǹkan kan tó dákẹ́ tó sì gún régé nínú rẹ̀. Ìpín ọjọ́ náà ti dé láti odò ẹran, ó wà lábẹ́ ewé nílẹ̀ ilé ìdáná, ó tóbi ju ti àná lọ. Ó ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu, ó pè wọ́n. Ó ní kí ẹni tó bá fẹ́ mọ bí òun ṣe ń pa ọkọ òun wá wò ó, kó má sọ pé òun ò rí i. Abibatou ní kí Kouboura lọ dúró tì í.

Kouboura dúró tì í. Kò sọ ọ̀rọ̀ kankan láti ìgbà tí Adjaratou ti fọ ẹ̀dọ̀ náà títí tó fi gé àlùbọ́sà, tó gbé òróró kaná, tó dà á sí i. Ó ń fi ojú tẹ̀lé ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni tó ń kọ́ ọ. Ìgbà tó tọ́ omi rẹ̀ wò nìkan ló sọ̀rọ̀.

"Iyọ̀ rẹ̀ ò tó," ó ní.

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ìyálé náà yóò bá a sọ̀rọ̀ oúnjẹ láti ọjọ́ tó ti wọlé. Adjaratou fi iyọ̀ sí i.

Lẹ́yìn ìrun àsárì, wọ́n gbé Olórí jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú àga rẹ̀, ọkùnrin mẹ́rin ló gbé e, wọ́n sì gbé ẹsẹ̀ náà lé ìrọ̀rí. Àwọn àgbà jókòó. Abibatou di ọrùn ọwọ́ Fadilatou mú, ó bẹ̀rẹ̀ sí rò. Ó ro Iléyá, ó ro ìgbéyàwó, ó ro ti àná. Ó rò ó dáadáa, kò fi ọ̀kan sílẹ̀, kò sì pa irọ́ kankan. Gbadamassi ń wo ìrọ̀rí.

Adjaratou wọlé pẹ̀lú àwo. Ó gbé e lé àpótí níwájú ọkọ rẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó ṣí i. Òórùn náà kún ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn àgbà gbé itọ́ mì.

"Ìyálé mi dúró tì mí títí tó fi jinná," ó ní. "Bí mo bá fi nǹkan sí i, kí Bàbá Fadilatou má jẹ ẹ́. Bí mi ò bá fi nǹkan sí i, kí wọ́n jẹ ẹ́ níwájú yín. Bó bá sì jẹ́ nǹkan mìíràn ló ń bà wọ́n lẹ́rù nínú àwo yìí, ẹnu wọn rèé, kí wọ́n sọ ọ́."

Ó ti rò ó kó tó kúrò ní ilé ìdáná. Ọkùnrin tí abẹ̀bẹ̀ ń pa lẹ́kún ò ní fi ọwọ́ ara rẹ̀ dá iná sí i. Bí kò bá jẹ ẹ́, wọ́n á bi í pé kí ló dé. Bí wọ́n bá bi í pé kí ló dé lójú Adjaratou, kò ní rí ògiri yí ojú sí.

Gbadamassi wo àwo. Òógùn yọ ní iwájú orí rẹ̀. Abibatou tẹ̀ síwájú pé ẹ ò rí i, ẹ ò rí i bí ẹ̀rù ṣe ń bà á, kí wọ́n gbé nǹkan yẹn kúrò níwájú àbúrò òun. Ọkùnrin náà gbé ojú sókè, ó wo Adjaratou, ó pẹ́ tó ti wò ó bẹ́ẹ̀.

Ó na ọwọ́. Ó mú ẹ̀dọ̀, ó jẹ ẹ́.

Kò kúrò lójú rẹ̀ bó ṣe ń jẹ ẹ́. Ó gbé e mì. Ẹni tó dàgbà jù nínú àwọn àgbà fi ọ̀pá lu ilẹ̀, ó ní kí ni wọ́n tún ń wá, ẹni tí wọ́n ní wọ́n fún ní oró rèé tó ń jẹ ẹ́ láìfòyà, kí Abibatou jẹ́ kí àwọn máa lọ sílé. Ọwọ́ Abibatou dẹ̀. Fadilatou já ara rẹ̀ gbà, ó wá fi gbogbo ara ti ẹ̀yìn ìyá rẹ̀, Adjaratou sì gbọ́ mímí ọmọ náà ní ọrùn.

Adjaratou ti gba ọmọ rẹ̀. Ohun tó wá gbà ti bọ́ sí i lọ́wọ́. Ó ń dúró kí ìbínú náà rọ̀, kò rọ̀. Nítorí ó yé e. Ọkùnrin yìí ò lè sọ ọ́, nítorí náà ó jẹ ẹ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló fi dá òun láre, kì í ṣe ẹnu rẹ̀.

Gbadamassi mú òmíràn. Kò sí ẹni tó ní kó mú òmíràn. Àwọn àgbà ti ń wá bàtà wọn. Ó jẹ ìyẹn, ó sì tún mú, ojú rẹ̀ ti pa dé, ó ń jẹ ẹ́ jẹ́jẹ́, òróró ń dán létè rẹ̀, ìka ẹsẹ̀ náà sì ń lù kì-kì lórí ìrọ̀rí bí nǹkan tó ní ẹ̀mí tirẹ̀. Èyí kì í ṣe nítorí Adjaratou mọ́. Èyí dùn mọ́ ọn ni. Ó ti gbàgbé òun, ó ti gbàgbé dókítà, bóyá ó tiẹ̀ ti gbàgbé Liamidi.

Láàárọ̀ yìí wọ́n ní Adjaratou ń fi ìkòkò pa ọkọ rẹ̀, irọ́ ni, ó sì fi gbogbo ẹnu já a. Ẹni tí kò mọ̀ ló fi ẹnu yẹn jà; nísinsìnyí ó ti mọ̀. Ó wo ọwọ́ ńlá náà bó ṣe ń padà lọ sínú àwo. Lọ́la ìpín mìíràn á tún dé lábẹ́ ewé, òun ni wọ́n á sì gbé e fún.

Ó fa àwo náà kúrò.

"Kí lò ń ṣe yẹn?" Abibatou bi í.

"Wọ́n ti yó," Adjaratou ní.

Gbadamassi la ojú. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lókè lórí àpótí, òróró ń kán lára rẹ̀. Láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú, kò sí ẹni tó sọ pé ó ti yó rí nínú ilé náà, ó sì ń wo obìnrin náà bí ẹni tí kò mọ ohun tí ènìyàn ń fi ọwọ́ ṣe lẹ́yìn ìyẹn.